A Kò Gbá Bọ́ọ̀lù Kankan ní Atlanta

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ ní Ìbàdàn. Mo tún un kọ díẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.)

Alága, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀gá mi tí ẹ wà níwájú, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò, tí ẹ ti di bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ, tí ikùn àwọn mìíràn nínú yín ti yọ ju tèmi lọ, mo kí yín o. Nígbà tí akọ̀wé yín pè mí, mo rò pé ìṣirò ló ní kí n wá sọ. Ó ní rárá, Sà, Atlanta 96 ni, bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì tí Nàìjíríà fi gba wúrà. Ó ní gbogbo yín lẹ ṣì rántí pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí Nàìjíríà na Bràsíìlì, èmi ni mo dúró níwájú ẹ̀yin tí ẹ wá fún lẹ́sìn ọlidé, tí mo fi ṣọ́ọ̀kì ya gòólù Kanu sójú bọ́ọ̀dù, látorí ibi tí bọ́ọ̀lù ti wá títí dé inú àwọ̀n.

Ó dáa. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dá mi lóhùn. Ta ló wo bọ́ọ̀lù Bràsíìlì yẹn tán lóru ọjọ́ náà? Ẹ nawọ́ sókè.

(Ọwọ́ tó lọ sókè pọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹnì kan.)

Ẹ ṣeun. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ìdajì yín ló ń purọ́. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ ni pé èmi náà ti ń pa irọ́ yẹn láti ọdún 1996. Mo ti sùn. Mo sùn fọnfọn. Ohun tí mo yà sójú bọ́ọ̀dù fún yín, n kò rí i.

Ẹ má rẹ́rìn-ín púpọ̀, a máa padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ náà. "Atlanta 96" ni gbogbo wa ń pè é, torí Atlanta ló gbàlejò Òlíḿpíìkì ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n a kò gbá bọ́ọ̀lù kankan ní Atlanta. Kò tiẹ̀ sí orílẹ̀-èdè tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Orlando la ti bẹ̀rẹ̀, a gba Miami, a lọ sí Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama, a wá parí rẹ̀ sí Athens, ìlú yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Pápá Sanford ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń gbé mọ́yà sáré, ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n gbin igi ọgbà yí pápá náà ká, wọ́n ń gẹ̀ ẹ́ dọ́gba dọ́gba, àwọn ará ìlú ọ̀hún kì í sì í fi ọgbà yẹn ṣeré rárá. Ṣùgbọ́n pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fẹ̀ ju tiwọn lọ, kò gba ibẹ̀. Ni wọ́n bá hú igi náà kúrò kí àlejò tó dé. Mo fẹ́ràn ìtàn igi yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí àwọn tó ni ilẹ̀ ń hú ọgbà wọn, n kò rò pé ó wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn níbẹ̀ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà ni yóò jó lórí koríko náà lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Kí ló dé tí kò fi wá sí wọn lọ́kàn? Ẹ jẹ́ kí n kọ iye kan sójú bọ́ọ̀dù: 9.

Eré mẹ́sàn-án la ti gbá ní Òlíḿpíìkì kí ọdún 1996 tó dé, a ò sì borí nínú ẹyọ kan. Ní Mexico lọ́dún 1968, Jàpáànù nà wá 3-1, Sípéènì nà wá 3-0. Àwa àti Bràsíìlì ta ọ̀mì 3-3 níbẹ̀, àwọn bàbá wa sì fi èyí yangàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1976, a yege láti lọ sí Montreal, ṣùgbọ́n ìjọba ní kí wọ́n padà wálé pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn nítorí New Zealand tó lọ gbá rugby pẹ̀lú South Africa ìgbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní Moscow lọ́dún 1980, Kúwéètì nà wá, Kòlóḿbíà nà wá, àwa àti Czechoslovakia ta ọ̀mì. Ní Seoul lọ́dún 1988, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́. Bràsíìlì gbá mẹ́rin wọlé wa, Yugoslavia gbá mẹ́ta, Ọsirélíà náà gbá tiwọn. Eré mẹ́sàn-án: ọ̀mì méjì, ìyà méje. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹni tó gba irú máàkì yìí lọ́wọ́ mi, n kì í pe bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ni mo máa ń pè.

Ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀ kò tíì gba wúrà bọ́ọ̀lù náà rí nígbà náà. Gánà ló sún mọ́ ọn jù, bàbà ni wọ́n gbà ní Barcelona lọ́dún 1992.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi nìyí, torí n kò fẹ́ràn kí wọ́n máa pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Iṣẹ́ ìyanu ni kí adìẹ yé ẹyin ẹyẹlé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí, ta ni wọ́n? Okocha, Amokachi, Amunike, Oliseh, Ikpeba àti Uche Okechukwu, gbogbo wọn ló wà nínú ikọ̀ tó gba Ife Áfíríkà lọ́dún 1994, tí wọ́n sì lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà, tí Ítálì fi ojú wa rí màbo nígbà tó ku díẹ̀ kí eré parí. Kanu, Celestine Babayaro àti Wilson Oruma wà nínú àwọn ọmọdé tó gba ife àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 17 ní Jàpáànù lọ́dún 1993. Ọmọ ọdún 17 péré ni Babayaro nígbà tó lọ sí Amẹ́ríkà yìí, Anderlecht ti Belgium ló sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Kanu ti gba ife Yúróòpù pẹ̀lú Ajax. Òfin Òlíḿpíìkì ní kí ọjọ́ orí wọn má kọjá 23, àfi ẹni mẹ́ta. Okechukwu, Amokachi àti Amunike ni àgbà mẹ́ta tiwa. Jo Bonfrere, ará Holland tó ti jẹ́ igbákejì fún Westerhof tó kọ́ wọn ṣáájú, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹni tó bá ṣírò gbogbo èyí lórí ìwé kò ní pariwo tí wọ́n bá gba wúrà. Èmi olùkọ́ ìṣirò kò ṣírò rẹ̀. Mo wo 9 yẹn nìkan, mo sì sùn.

Ẹ tún rántí bí ìlú ṣe rí. Àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà lè máa rò pé inú wa dùn lójoojúmọ́ ni. Abíọ́lá wà látìmọ́lé láti ọdún 1994. Ní oṣù November 1995 ni wọ́n so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn rọ̀. Mandela sọ̀rọ̀ sí i, ìjọba Abacha bínú, ó ní a kò ní lọ sí Ife Áfíríkà tí South Africa gbàlejò rẹ̀ ní oṣù January 1996, bẹ́ẹ̀ àwa la ni ife náà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù June ni wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá ní Èkó ní ojúmọ́mọ. Kò tíì pé oṣù méjì sí i nígbà tí bọ́ọ̀lù yìí bẹ̀rẹ̀.

Bàbá onílé wa ní Mọ́kọ́lá, ẹni June 12 ni bàbá yẹn dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó ní òun kò ní pàtẹ́wọ́ fún ohunkóhun tí sójà bá máa yọ̀ sí. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ nìkan ló sì wà nínú gbogbo ilé náà, pálọ̀ rẹ̀ la ti ń wo bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún wa, á tan tẹlifíṣọ̀n, á wá yí àga rẹ̀, á kọjú sí ògiri, á máa ka ìwé ìròyìn ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn yẹn kì í ṣí sí ojú ewé mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí di ìparí.

Ẹ jẹ́ ká kánjú lórí àwọn eré ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù July, a na Họ́ngárì 1-0, Kanu ló gbá a wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a máa borí nínú bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì, kò sì sẹ́ni tó yọ̀ ní àdúgbò wa, àfi ọmọ aládùúgbò kan tó ń fo kiri láìmọ ìdí. Ọjọ́ 23, a na Jàpáànù 2-0, wákàtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí gòólù méjèèjì tó wọlé. Ọjọ́ 25, Bràsíìlì nà wá 1-0 ní Miami, Ronaldo ló gbá a.

Ibi ìṣirò nìyí o, ẹ má sùn. Jàpáànù ti kọ́kọ́ na Bràsíìlì 1-0, gbogbo ayé pariwo. Wọ́n tún wá na Họ́ngárì 3-2. Ìyẹn ni pé orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló ní póńtì mẹ́fà-mẹ́fà: Bràsíìlì, Nàìjíríà, Jàpáànù. Méjì péré ló máa kọjá. Bràsíìlì gbá mẹ́rin, méjì wọlé wọn. Àwa gbá mẹ́ta, ọ̀kan wọlé wa. Jàpáànù gbá mẹ́rin, mẹ́rin wọlé wọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Jàpáànù tó na Bràsíìlì ló padà sílé pẹ̀lú póńtì mẹ́fà. Ọ̀kan nínú àwọn gòólù méjì tí a gbá wọlé wọn lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti ń dìde kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, pẹnárítì Okocha ni. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ya ìyẹn sójú bọ́ọ̀dù.

A na Mẹ́síkò 2-0 ní Birmingham, Okocha àti Babayaro. Ó di Bràsíìlì lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́rú ni, ọjọ́ 31 oṣù July. Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá ní tiwa. A tó ogún nínú pálọ̀ bàbá onílé, àwọn mìíràn jókòó sórí àpótí mineral, àwọn mìíràn fara ti fèrèsé láti ìta. Tẹlifíṣọ̀n náà ní àìsàn kan: àwòrán rẹ̀ á máa sá lọ sókè bí ẹni ń ka àdúrà ní kíákíá, àfi kí ẹnì kan gbá a létí lápá ọ̀tún. Ọmọkùnrin mi àgbà ni iṣẹ́ yẹn já lé lọ́wọ́. A kò tíì jókòó dáadáa, ìṣẹ́jú kìíní kò tíì pé, Flavio Conceicao ti gbá ọ̀kan wọlé Dosu Joseph, kípà wa. Ọmọ mi gbá tẹlifíṣọ̀n, ó rò pé tẹlifíṣọ̀n ló ṣe é.

Roberto Carlos ṣèèṣì gbá ọ̀kan wọ ilé ara rẹ̀, 1-1. Inú wa dùn fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bebeto, 2-1. Conceicao lẹ́ẹ̀kan sí i, 3-1. Gbogbo èyí kò tíì pé ìṣẹ́jú 40. Àwọn tó wà lójú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Lẹ́yìn háàfù táìmù, Ọlọ́run ní kí a gba pẹnárítì. Okocha gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Dida, kípà Bràsíìlì, mú un.

Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo rántí ohun tí mo wí, torí ìyá àwọn ọmọ mi kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀: "Ẹni tí Ọlọ́run fún ní pẹnárítì tí kò gbá a wọlé, kí ló tún fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe?" Mo kí bàbá onílé pé ó dàárọ̀, mo lọ sùn. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà tàbí méje tẹ̀ lé mi jáde, olúkúlùkù ń wí tiẹ̀ nípa bí wọn kò ṣe sanwó fún àwọn ọmọ náà dáadáa. Àwa ọkùnrin la mọ bọ́ọ̀lù, ṣé ẹ rí i. Ìyá àwọn ọmọ mi kò tẹ̀ lé mi. Kì í ṣe torí bọ́ọ̀lù o. Ọmọ wa obìnrin ti sùn sí i lẹ́sẹ̀, kò sì fẹ́ jí i.

Báyìí ni òun ṣe rí i. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú 12 kí eré parí, Ikpeba gbá ọ̀kan wọlé, 3-2. Èmi ń hanrun. Wákàtí tán, ó ku àkókò díẹ̀ tí rẹfirí fi kún un, bọ́ọ̀lù bọ́ sí Kanu lẹ́sẹ̀ láàárín èrò níwájú ilé Bràsíìlì. Ó kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n. Dida ti ń bọ̀. Mo ti bi ìyá àwọn ọmọ mi léèrè bó ṣe ṣe é, lẹ́yìn tí mo ti jẹ́wọ́ fún un pé n kò mọ̀ ọ́n, ó ní Kanu kò gbá bọ́ọ̀lù náà rárá. Ó ní ńṣe ló bù ú, bí ìgbà téèyàn bá fi ọmọ orógùn bu àmàlà nínú ìkòkò: ó fi ẹsẹ̀ gbé e kúrò nílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó yí i, ó sì dà á síbi tó fẹ́. 3-3.

Ẹ rántí pé òfin gòólù wúrà ló wà nígbà náà. Bí ẹ bá wọ àfikún àkókò, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a wọlé, eré parí, kò sí pé ẹ ṣì lè san án padà. Wọ́n ti fagi lé e láti ọdún 2004, mo sì rò pé ìkà ni òfin náà, ṣùgbọ́n n kò ní sọ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìṣẹ́jú 94. Kanu tún gba bọ́ọ̀lù, ó ṣe bí ẹni máa gbá a, kò gbá a, ẹni tó ń ṣọ́ ọ já sí òfo, ó wá fi ẹsẹ̀ òsì gbá a gba ẹ̀gbẹ́ Dida kọjá. 4-3.

Ariwo ló jí mi. Mo kọ́kọ́ rò pé olè ni. Lóòótọ́ ni mo sọ ọ́ yìí: mo na ọwọ́ mú àdá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ìyá àwọn ọmọ mi ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ léjìká, ọmọ náà ṣì ń sùn, òun náà ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wo àdá, ó wo ojú mi, ó ní, "A ti na Bràsíìlì o, Bàbá. Ta lẹ fẹ́ bẹ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, takisí ni mo wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Awakọ̀ náà ń ṣàlàyé gòólù Kanu fún gbogbo àwọn tó wọ ọkọ̀. Ó ní láti kọ́nà ni bọ́ọ̀lù ti wá, Okocha ló gbá kọ́nà náà, Kanu fò sókè, ó fi orí kàn án. Mo tẹ́tí. Mo gbà á sórí bí fọ́múlà. Nígbà tí mo dé kíláàsì, tí ẹ ní "Sà, ṣé ẹ wò ó?", mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo ya kọ́nà. Mo ya ọfà láti kọ́nà dé orí Kanu. Mo tiẹ̀ kọ igun rẹ̀ síbẹ̀, mo ní ìwọ̀n 45 ni. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo gbé ìtàn yẹn kiri fún bí ogún ọdún. Mo sọ ọ́ níbi ìsìnkú, mo sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó. Ọjọ́ kan ni ọmọkùnrin mi àgbà, ẹni tó ń gbá tẹlifíṣọ̀n létí nígbà náà, jókòó tì mí, ó ní, "Bàbá mi, ẹ wá wo nǹkan." Ó ti rí eré náà lórí fóònù rẹ̀. Mo wò ó. Kò sí kọ́nà. Kò sí orí. Ìwọ̀n 45 mi kò sí níbì kankan. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Mo ní bóyá eré mìíràn ni. Ọmọ náà kò wí nǹkan kan, torí mo tọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó yíjú sí ìyá rẹ̀. Lónìí mo gbà pé awakọ̀ takisí yẹn náà sùn.

Ohun tí mo rí nínú fídíò yẹn, yàtọ̀ sí ojú tó tì mí, ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tẹ̀ lé pẹnárítì Okocha. Ẹ lọ wò ó nígbà tí ẹ bá délé, kì í ṣe gòólù nìkan. Kò sí ẹni tó gbé orí kọ́ nínú àwọn ọmọ náà. Okocha tó ṣì í gbá kò fara pamọ́, ó ṣì ń béèrè bọ́ọ̀lù. Wọn kò gbá a sókè ní gbàrọgùdù bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Àwa la ti pinnu pé ó ti parí, àwa tí a wà ní Mọ́kọ́lá, tí a ń rìn lọ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ti Ajẹntínà ń kọ́? Sátidé ni, ọjọ́ 3 oṣù August. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, àṣìṣe kan tún wà tí mo máa ń gbọ́, pé bọ́ọ̀lù yìí ni wúrà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà ní Òlíḿpíìkì. Rárá o. Ní Friday, ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, Chioma Ajunwa, ọlọ́pàá obìnrin, fo 7.12 mítà nínú eré ìfò jíjìn. Ìfò rẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni, kò sẹ́ni tó kọjá rẹ̀ títí eré fi parí. Òun ló gba wúrà àkọ́kọ́ fún wa láti ìgbà tí a ti ń lọ sí Òlíḿpíìkì. Ẹnì kan ṣoṣo, kò sí akẹgbẹ́ tó máa gbá bọ́ọ̀lù sí i. A sì fi ariwo bọ́ọ̀lù bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Kò dáa, n kò sì ní pe é ní orúkọ mìíràn.

Sátidé, mo búra pé n kò ní sùn. Mo mu kọfí méjì. Àwọn tó sùn ní Wednesday ló tètè dé jù, ojú ń tì wọ́n, wọ́n gba iwájú. Ju ọ̀kẹ́ mẹ́rin èèyàn lọ ló wà ní pápá Sanford lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá ń fi hàn, ńṣe ló dà bí èèrà. Collina, ará Ítálì tó pá lórí yẹn, ni rẹfirí. Ajẹntínà kó Crespo wá, wọ́n kó Ortega wá, Zanetti, Simeone. Ìṣẹ́jú kẹta, Claudio Lopez ti gbá ọ̀kan wọlé. Ẹnì kan nínú pálọ̀ ní "Ó tún ti dé!" Babayaro fi orí kan ọ̀kan wọlé, 1-1, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta òkìtì lórí pápá. Lẹ́yìn háàfù táìmù, wọ́n fún Ajẹntínà ní pẹnárítì, Crespo gbá a, 2-1. Ìṣẹ́jú 74, Amokachi gbé bọ́ọ̀lù gba orí kípà wọn kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. 2-2.

Ni iná bá lọ.

Ẹ má béèrè ohun tí a sọ sí àwọn tó mú iná lọ, ilé ọlọ́mọdé la wà. Kò sí jẹnẹrétọ̀. Pálọ̀ náà dúdú, a ń gbọ́ mímí ara wa. Ohùn kan wá láti ibi ògiri: "Rédíò mi wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù." Bàbá onílé. A wá a, bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ, a bọ́ ọ, a fi eyín tẹ̀ ẹ́ bí a ti máa ń ṣe, a dá a padà. Ohùn rẹ̀ wá, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ogún èèyàn ló fi etí lé rédíò tí kò tóbi ju búrẹ́dì lọ. Bàbá onílé ti yí àga rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n òkùnkùn ni, kò sẹ́ni tó rí i àfi èmi tí orúnkún rẹ̀ gún nígbáyà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, fídíò ló fi hàn mí lẹ́yìn náà. Ó ku díẹ̀ kí wákàtí tán, a gba firíkíìkì lápá òsì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbá a, gbogbo àwọn tó ń dáàbò bo ilé Ajẹntínà sáré síwájú lẹ́ẹ̀kan náà kí àwọn ọmọ wa lè bọ́ sí ọ́fúsáìdì. Wọ́n sáré tán, wọ́n nawọ́ sókè. Amunike ló kù níbẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbá a láti ojú afẹ́fẹ́. Ọwọ́ àwọn ará Ajẹntínà ṣì wà lókè nígbà tí bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n. Àsíá kò lọ sókè. 3-2.

Lórí rédíò, ariwo nìkan la gbọ́, rédíò náà sì kú. Bátìrì parí. A jókòó nínú òkùnkùn, a kò mọ̀ bóyá àwa la gbá a ni tàbí wọ́n gbá a wọlé wa. Ó tó ìdajì ìṣẹ́jú, n kò ní gbàgbé ìdajì ìṣẹ́jú yẹn títí mo fi máa kú. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ Sábo, tí a gbọ́ Òkè-Àdó, tí gbogbo Ìbàdàn hó lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá onílé ló kọ́kọ́ dìde nínú pálọ̀. Ẹnì kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá, ṣé fún Abacha ni?" Bàbá ní, "Ọmọ wa ni wọ́n. Sójà kò bí wọn." Ó jáde síta láìwọ bàtà.

Ìyẹn ni pé, ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò rí gòólù Kanu, n kò sì rí gòólù Amunike. Gòólù méjì tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn bọ́ọ̀lù wa, mo sùn nígbà tí ọ̀kan wọlé, mo wà nínú òkùnkùn nígbà tí èkejì wọlé. Ẹ sì wá pè mí kí n wá sọ ọ́.

Àwọn tó kù, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kanu lọ sí Inter ti Ítálì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ní àléébù. Ọkàn tó sáré ìṣẹ́jú 94 yẹn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà lóṣù November, ó padà sórí pápá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ àánú rẹ̀ ti ń ran àwọn ọmọdé tí ọkàn wọn kò pé lọ́wọ́, mo sì rò pé ìyẹn tóbi ju gòólù náà lọ. Dosu Joseph, kípà wa, ní jàǹbá ọkọ̀ lọ́dún 1997, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ parí sí. Kàmẹ́rúùnù gba wúrà tiwọn ní Sydney lọ́dún 2000. Bràsíìlì, pẹ̀lú gbogbo ife wọn, kò rí wúrà Òlíḿpíìkì gbà títí di ọdún 2016, nílé ara wọn. Àwa gba fàdákà lọ́dún 2008, a gba bàbà lọ́dún 2016.

Àwa ará Ìbàdàn sì sunkún kí ọdún 1996 yẹn tó parí, ẹ má jẹ́ kí n fò ó. Ní oṣù December, Shooting Stars wa dé àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà. A na Zamalek 2-1 nílé, wọ́n na àwa náà 2-1 ní Cairo, wọ́n fi pẹnárítì gbà á lọ́wọ́ wa. Ìyẹn ni mo wò tán o! Mi ò sùn, iná kò lọ, bátìrì kò kú. Ohun tó dunni ni a máa ń rí pátá.

Wọ́n ń fi aago hàn mí. Ó tó. Ìyá àwọn ọmọ mi ló jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹni tó wé gèlè aláwọ̀ ewé. Òun ló yẹ kí ẹ pè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti ń nawọ́ láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ Kanu, mo ṣe bí ẹni pé n kò rí i. Kí ló dé, Ìyá? Ẹ gbọ́ ohun tó ń wí? Ó ní ìgbákọ lòun sọ, òun kò sọ ọmọ orógùn. Ó ní ta ló ń fi ọmọ orógùn bu àmàlà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé maikirofóònù fún un.